Ọ̀nà Tó Ká Bí Ìkarahun Ìgbín

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Èmi nìkan ni mo jókòó síwájú ẹ̀rọ lónìí.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Udine lọ sí Lignano Pineta, létí òkun Adriatic ní Ítálì níbí. Òtútù ti dé, gbogbo fèrèsé ti wà ní títì pa, kò sẹ́ni tó ń lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Mo mú títì kan pọ̀n, mo ní yóò gbé mi dé òkun. Mo rìn títí, n kò rí òkun. Títì ń yí, igi páìnì ń yí tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí mo wo máàpù ló tó yé mi: àdúgbò náà ká bí ìkarahun ìgbín! Marcello D'Olivo, ayàwòrán ilé, ọmọ Udine, ló ya á bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1953. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, owó ti ń wọlé, gbogbo ayé ń wá ibi ìsinmi létí òkun. Ní Cesenatico, ìlú mìíràn létí òkun Adriatic yìí kan náà, ilé gogoro tó ga ju mítà 100 lọ ni wọ́n parí ní 1958. D'Olivo kò gba ọ̀nà yẹn. Ó jẹ́ kí títì rọra yípo nínú igbó páìnì, kí ilé fara pamọ́ sábẹ́ igi. Títì tó ká ni wọ́n ń pè ní Arco. Raggio ni èyí tó la àárín wọn kọjá, wọ́n sì fi orúkọ atẹ́gùn sọ àwọn kan, bíi Raggio dello Scirocco. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Ọdún kọkànlá mi rèé nílẹ̀ yìí, ìrìn ẹni tó ń pẹ́ lẹ́yìn ni mo sì ń rìn láti ọjọ́ tí mo ti dé: láti ibi iṣẹ́ kan sí òmíràn, láti ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú sí ilé. Kò sí títì kankan tó sọ fún mi rí pé kí n rọra. Èyí sọ ọ́. Mo dúró síwájú ilé pẹlẹbẹ kan tí òrùlé kọnkéré rẹ̀ yọ síta láàárín igi, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹnìkan jókòó ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ó ro ti ẹni tí yóò fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀.

Mo dé òkun ṣá. Nígbà tí mo ń padà, Arco ni mo tún gbà. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ti lọ kí n tó dé ibùdókọ̀, mo bá jókòó de èyí tó kàn.