Ìkìlọ̀ nínú Àgbájọ Sáfà: Ohun tí Pacemaker Ń Pín àti Ohun tí Kì í Pín

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ sáfà, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí bí a ṣe lè ṣètò ìkìlọ̀ fún àgbájọ sáfà (cluster, ìyẹn ẹ̀rọ mélòó kan tí ó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan) láìjẹ́ pé ẹnìkan ń tẹ àṣẹ kan náà láti orí ẹ̀rọ kan dé orí òmíràn. Pacemaker ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó wà nídìí àgbájọ sáfà ti Red Hat àti ti SUSE. Corosync ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ inú àgbájọ, tí a ń pè ní nóòdù, máa gbúròó ara wọn. Pacemaker ni ó ń pinnu nóòdù tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wà, bí ọ̀kan bá sì dákú, òun ni yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún òmíràn.

Nítorí pé iṣẹ́ kì í dúró gan-an ni ìkìlọ̀ fi ṣe pàtàkì. Bí sáfà kan ṣoṣo bá kú, àwọn oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ pariwo. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú nóòdù méjì bá kú, ìkejì yóò máa bá iṣẹ́ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura títí di ọjọ́ tí òun náà yóò dákẹ́. Ẹni tí ó san owó ẹ̀rọ méjì lè ti máa fi ọ̀kan ṣiṣẹ́ tipẹ́ láìmọ̀.

Láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.1.15 ti jáde ní ọdún 2016 ni Pacemaker ti ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún ìkìlọ̀. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, yóò pe script kan (fáìlì àṣẹ kékeré tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé) tí ẹ ti yàn fún un, yóò sì fi àlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lé e lọ́wọ́: CRM_alert_kind yóò sọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, CRM_alert_node yóò dárúkọ nóòdù, CRM_alert_desc yóò ṣàlàyé, CRM_alert_recipient yóò sì sọ ẹni tí ìkìlọ̀ náà wà fún. Akéde ni script yìí. Bóyá í-meèlì ni yóò fi kéde tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù, ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ ló wà. Àṣẹ pcs, irinṣẹ́ tí a fi ń darí Pacemaker, ni a fi ń yàn án, orí nóòdù kan ṣoṣo ni a sì ti ń tẹ̀ ẹ́:

pcs alert create id=imeeli path=/var/lib/pacemaker/alert_smtp.sh

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àṣẹ yẹn wọ inú CIB, ìyẹn fáìlì XML tí Pacemaker ń kọ gbogbo ètò rẹ̀ sí, Pacemaker fúnra rẹ̀ sì ń ṣe àdàkọ CIB dé gbogbo nóòdù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdàkọ script náà. Gbogbo nóòdù ni yóò mọ orúkọ akéde àti ibi tí ó yẹ kí ó wà, síbẹ̀ ó lè jẹ́ nóòdù kan péré ni akéde wà lóòótọ́.

Ìdánwò tí a sábà máa ń ṣe kì í sì í tú àṣírí náà. Ká ní nóòdù mẹ́ta ni àgbájọ ní, tí script sì wà lórí nóòdù kìn-ín-ní nìkan. Àwọn kan á pa iná nóòdù kẹta, í-meèlì á dé, wọ́n á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ wo ìdí tí í-meèlì fi dé: gbogbo nóòdù tí ó kù ni ó ń kéde bí nóòdù kan bá kú, tàbí bí wọ́n bá pa iná ẹni tí kò dáhùn mọ́, èyí tí a ń pè ní fencing. Nóòdù kìn-ín-ní tí script wà lórí rẹ̀ ló fọhùn fún gbogbo wọn. Tí ó bá jẹ́ pé dátábéèsì ló ṣubú lórí nóòdù kẹta, tí nóòdù náà fúnra rẹ̀ ṣì dúró, nóòdù kẹta nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kéde rẹ̀, kò sì ní akéde. Ìlà kan nínú log, ìyẹn fáìlì tí ẹ̀rọ ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, ni gbogbo ariwo tí ẹ máa rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti lo fáìlì (permission) tún wà ńbẹ̀. Aṣàmúlò tí ó ń jẹ́ hacluster ni Pacemaker fi ń pe script, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹni tí ó fi root, aṣàmúlò tí ó lágbára jù, dán script wò yóò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà tí hacluster kò lè ka fáìlì ọ̀rọ̀ aṣínà tí script náà gbójú lé.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fa iṣẹ́ yìí lé Ansible, irinṣẹ́ tí ń ṣètò ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́wọ́, ọ̀nà méjì ni ó yẹ kí ó gbà. Gbogbo nóòdù ni yóò gbé script sí, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ fáìlì 0755, kí gbogbo aṣàmúlò lè kà á kí wọ́n sì lè pè é. Orí nóòdù kan ṣoṣo ni yóò ti tẹ àṣẹ pcs, lẹ́yìn tí ó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìkìlọ̀ náà ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé id, orúkọ ìdánimọ̀ ìkìlọ̀ náà, o. Bí ẹ kò bá fún un ní id, pcs yóò fún un ní tirẹ̀, gbogbo ìgbà tí playbook (fáìlì ètò iṣẹ́ Ansible) bá tún ṣiṣẹ́ ni ìkìlọ̀ tuntun yóò sì kún ti àtijọ́, tí ẹnìkan yóò fi máa gba í-meèlì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn tí ó ń lo ètò ha_cluster ti linux-system-roles, àkójọ ètò Ansible tí a ti kọ sílẹ̀ fún Linux, lè kọ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ha_cluster_alerts, ó sì dára ju kí a máa to àṣẹ pcs fúnra wa lọ. Síbẹ̀, ètò náà kò bá yín pín script; ẹ̀yin lẹ ni ín.

Lójú tèmi, playbook tí kò dán ara rẹ̀ wò kò tíì parí. Kí ó pe script náà lórí nóòdù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ hacluster, kí ó sì fi ìṣẹ̀lẹ̀ àdábọwọ́ kan lé e lọ́wọ́:

sudo -u hacluster env CRM_alert_kind=resource CRM_alert_desc=idanwo CRM_alert_recipient="$olugba" /var/lib/pacemaker/alert_smtp.sh

Bí nóòdù bá jẹ́ mẹ́ta, tí í-meèlì méjì dé, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ síí wá a.

Ní ti script fúnra rẹ̀, kí ó yára. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni Pacemaker fún un bí ẹ kò bá yí i padà, lẹ́yìn ìyẹn yóò pa á, bí ìkìlọ̀ bá sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni yóò jọ tú jáde. Ó sàn kí script kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ síbi kan kí ó sì jáde, kí ètò mìíràn wá máa rán an. Ẹ yí timestamp-format, ìlànà bí yóò ṣe kọ àkókò, náà padà, nítorí wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá nìkan ni ó ń kọ bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní ọjọ́ kankan nínú.

Ó ku ohun kan tí gbogbo ètò yìí kò lè ṣe: bí gbogbo nóòdù bá kú pọ̀, kò sí Pacemaker tí yóò pe akéde. Ohun tí ó wà lóde ni yóò mọ̀. Prometheus, ètò tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ síí kọ ní SoundCloud ní ọdún 2012, lè máa bi nóòdù kọ̀ọ̀kan léèrè nípasẹ̀ ha_cluster_exporter tí ń sọ ipò àgbájọ fún un, kí Alertmanager, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń rán ìkìlọ̀, sì kó àwọn ìkìlọ̀ tí ó jọra pọ̀ sójú kan kí ó tó rán wọn. Kìkì pé kí ẹ má ṣe gbé Prometheus yẹn sórí àgbájọ tí ẹ ní kí ó máa ṣọ́, bó ti wù kí ààyè ṣẹ́kù sórí rẹ̀ tó.