15 Oṣù Kìn-ín-ní: Ọjọ́ Wo Gan-an Là Ń Rántí?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jẹ́ n bi yín: kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní là ń rántí àwọn sójà wa tó bógun lọ?

Mo ti gbọ́ ìdáhùn yín: "Ọjọ́ tí Nzeogwu, ọ̀gá sójà yẹn, dìtẹ̀ gbàjọba ni." Ó TÌ O! Lóòótọ́, ọjọ́ yẹn lọ́dún 1966 ni wọ́n pa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba, Sardauna àti Akíntọ́lá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ọjọ́ tí sójà pa olórí ìjọba, kó fi yẹ́ sójà sí? Ọjọ́ 15 méjì ló wà, ó dà bí ojúlé tí Ṣọlá méjì ń gbé: ẹ pe Ṣọlá, èyí tí ẹ ò pè ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Onígbàjámọ̀ mi fi ìdajì orí mi sílẹ̀ láìgẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní àfi kí n gbà fún òun kó tó parí rẹ̀.

1970 ni o! MO TÚN UN SỌ: 1970! Ojukwu, olórí Biafra nínú ogun abẹ́lé, ti bá bàálù lọ sí Côte d'Ivoire. Philip Effiong, igbákejì rẹ̀, kéde lórí rédíò lọ́jọ́ 12 pé ogun ti tán. Nígbà tó di ọjọ́ 15, ó wá bá Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, ní Dodan Barracks l'Ékòó, ó túúbá. Ogun ọgbọ̀n oṣù parí.

Kó tó dìgbà yẹn ńkọ́? 11 oṣù Kọkànlá ni, ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní lọ́dún 1918. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi lé wa lọ́wọ́. Kì í kúkú ṣe pé kò kàn wá: àwọn bàbá wa jà ní Kamẹrúùnù nínú ogun kìn-ín-ní yẹn; nígbà ogun Hítílà, wọ́n kó wọn dé Bóma (Burma) ní Éṣíà. Ẹ bi àwọn àgbà Èkó léèrè ère sójà Ìdúmọ̀tà, irú wọn ni wọ́n gbé e nàró fún. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba sún ọjọ́ náà síwájú, ó di 15 oṣù Kìn-ín-ní.

Fèrè, òdòdó, ìbọn mọ́kànlélógún, ẹ ti rí gbogbo ìyẹn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹyẹlé funfun lèmi máa ń dúró wò ní tèmi. Wọ́n á ṣí àgò pé kó fò, kó jẹ́ àmì àlàáfíà. Lọ́dún mìíràn, ẹyẹlé á kọ̀ jálẹ̀, á bà sórí àgò, á máa wo àwọn ọ̀gágun lójú.