Lẹ́tà "Ẹ Fi Láísẹ́ǹsì Yín Hàn Wá": Ẹ Má Tíì Dá A Lóhùn

Ẹ káàbọ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Under-G, nítòsí LAUTECH, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ni mo wà yìí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ bá mi fara dà á, wọ́n ti mú iná lọ.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan ni mo bá wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa mẹ́ta tá a ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ládùúgbò yìí ló bá a nínú ímeèlì. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé sọ́fítíwíà tí kò ní láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti lò ó, wà lórí kọ̀ǹpútà wa, ká kó ẹ̀rí wá láàárín ọjọ́ 7, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di kóòtù. Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀, líǹkì wà, fọ́ọ̀mù náà wà.

Àyà mi já, mi ò ní parọ́. Ta ló wà nídìí iṣẹ́ yìí tí ẹnì kan ò bá fi CorelDRAW, sọ́fítíwíà tá a fi ń ya àwòrán, sórí ẹ̀rọ rẹ̀ rí, tí kò béèrè ibi tó ti wá?

Ohun tó jẹ́ kó le ni pé irú lẹ́tà yìí wà lóòótọ́. BSA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ sọ́fítíwíà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, máa ń kọ̀wé sáwọn oníṣòwò. Microsoft náà ń kọ ọ́. Ẹni tó ń bá wọn kọ ọ́ tiẹ̀ lè jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbàṣe, tí "v-" á ṣáájú orúkọ rẹ̀ nínú àdírẹ́sì ímeèlì. Òfin Copyright Act 2022, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, tí wọ́n buwọ́ lù ní March 2023, dáàbò bo sọ́fítíwíà nílẹ̀ wa níbí. Torí náà, ẹ má kàn jù ú sí pàǹtírí.

Ó yá, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n á ka lẹ́tà tán, wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà náà láti béèrè bóyá òótọ́ ni. Háà! NỌ́ŃBÀ INÚ LẸ́TÀ, Ẹ MÁ PÈ É! Ṣé ẹ rò pé á ní, "Rárá sà, gbájúẹ̀ ni mí"? Á kí yín dáadáa, á ní òótọ́ ni, á tún ní kẹ́ ẹ má pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Láyé àtijọ́, tí Aláàfin bá rán ìlàrí níṣẹ́, orí rẹ̀ làwọn èèyàn ń wò: wọ́n fá apá kan, wọ́n fi irun sí apá kejì, gbẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ará ìlú ti mọ àmì yẹn kí oníṣẹ́ tó dé. Tí ẹlòmíì bá wá dé pẹ̀lú odindi irun lórí, tó ń pariwo pé ọba ló rán òun, ṣé òun lẹ máa bi? Ẹ ó rán èèyàn lọ sáàfin ni.

Ààfin tiyín ni wẹ́bsáìtì iléeṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ, tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú nọ́ńbà, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n mọ ẹni tó kọ̀wé. Kì í ṣe líǹkì inú lẹ́tà. MO TÚN SỌ: KÌ Í ṢE LÍǸKÌ INÚ LẸ́TÀ.

Ẹ wo fóònù mi. Orúkọ tó hàn lókè ímeèlì yìí, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Èmi náà lè kọ "Ṣọ̀ún" síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí àdírẹ́sì jáde, kẹ́ ẹ wá máa kà á láti ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tó jókòó ṣáájú .com ló ni ín. Tí "microsoft" bá wà níbẹ̀ àmọ́ tí wọ́n so ọ̀rọ̀ míì mọ́ ọn, ẹ fura sí i.

Ti ẹnì kejì wa tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní NCC làwọn. NCC méjì ló wà: ọ̀kan, Nigerian Copyright Commission, ń rí sí copyright, ọ̀kan, Nigerian Communications Commission, ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Àmì ti tẹlifóònù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ lẹ́tà copyright! Wọ́n tún ní kó sanwó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan. Owó ìjọba àpapọ̀, àpò ìjọba ló ń lọ.

Fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́? Ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni lẹ́tà, ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ fi han lọ́yà ná. Ẹ má sì sáré pa nǹkan rẹ́, torí ó máa dà bíi pé ẹ ń fi ẹ̀rí pamọ́. Láísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ bá rà lónìí, déètì òní ló máa wà lára rìsíìtì rẹ̀, kò lè bo ti àná.

Rìsíìtì! Ẹni tó ta tòkunbọ̀ fún wa, "laptop 1" ló máa ń kọ. Ẹ ní kó kọ Windows mọ́ ọn. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ slmgr /xpr, ẹ tẹ Enter. Tó bá fi déètì tí láísẹ́ǹsì Windows yóò parí hàn yín, tẹ́ni tó tà á sì ní títí láé ni, ẹ padà lọ bá a.

Èmi ti gbé Inkscape, tí òun náà ń ya àwòrán bíi CorelDRAW, sórí ẹ̀rọ méjì, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń kùn.

Àná ni ọjọ́ 7 pé. Kóòtù ò dé o. Ímeèlì míì ló dé: wọ́n ti gé owó ìtanràn sí ìdajì, tá a bá lè san án kílẹ̀ tó ṣú. Owó ìtanràn, tẹ́nì kan ń dín bí ẹni ń ta tòmátì tó fẹ́ bàjẹ́!