Nicodemus ní Kansas: ìlú tí reluwé fò kọjá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà rèé, àwọn ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò, ẹni tí mo bá sì bú níbẹ̀ kó má bínú, mo ṣì máa bú u lọ́jọ́ mìíràn.

Nicodemus wà ní Graham County, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, kò jìnnà sí odò South Solomon. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn ní 2020, èèyàn 14 ni wọ́n rí kà níbẹ̀. Dánfó kan á kó gbogbo wọn, kọ́ńdọ́ ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ìlú yìí kan náà nìjọba àpapọ̀ sọ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1996, torí ó wà lára àwọn ìlú tó pẹ́ jù tí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó níwọ̀-oòrùn odò Mississippi, tí èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀ dòní.

Ọdún 1877 ni. Òyìnbó kan tó ń ṣòwò ilẹ̀, W. R. Hill, àti pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú kan, W. H. Smith, ni wọ́n jọ dá iléeṣẹ́ tó ń pín ilẹ̀ náà sílẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú ní Kentucky. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ àwọn sójà sẹ́yìn, àwọn tó ń yọ àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́nu sì ti rí àyè, mi ò ní tún ìyẹn kà fún yín, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ká tó wí ká tó fọ̀, nǹkan bí 300 èèyàn láti agbègbè Lexington ti dé ní oṣù Kẹsàn-án. Reluwé gbé wọn dé Ellis, láti ibẹ̀ ẹsẹ̀ ni, tàwọn tẹrù tọmọ, wọ́n ń la pápá tí kò ní igi kankan kọjá.

Ìyá kan tó dé lọ́dún kejì, Willianna Hickman, sọ bó ṣe rí fún un. Ọkọ rẹ̀ àtàwọn yòókù ń pariwo pé àwọn ti rí Nicodemus, ó wò títí kò rí nǹkan kan, ó wá béèrè pé níbo ló wà, ni wọ́n bá nawọ́ sí èéfín tó ń jáde látinú ilẹ̀. Ihò ni wọ́n gbẹ́, inú ihò ni wọ́n ń gbé, torí kò sí pákó láti fi kọ́lé. Ó ní ńṣe lòun bú sẹ́kún. Ta ni kò ní sunkún? Àwọn kan ò tiẹ̀ dúró sunkún, ẹsẹ̀ kan náà tí wọ́n fi wá ni wọ́n fi padà. Òtútù ọdún àkọ́kọ́ yẹn ì bá pa àwọn tó kù, ṣùgbọ́n àwọn Osage, àwọn onílẹ̀ ayé àtijọ́, ń ti oko ọdẹ bọ̀, wọ́n sì fún wọn lẹ́ran. Nígbà tó dìgbà ìrúgbìn, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni ọ̀pọ̀ wọn fi fọ́ ilẹ̀ koríko yẹn, ilẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ le bí nǹkan míì.

Wọ́n ṣe é o. Ní 1887 ìlú náà ti ní ilé ìtajà, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìwé ìròyìn méjì! Ọ̀kan ń jẹ́ Western Cyclone. Ìlú tí ìwé ìròyìn rẹ̀ ń jẹ́ ìjì, ẹ mọ̀ pé wọn ò wá ṣeré.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ nìyí, ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé ibí ni mo máa ń já sí. Ẹni tó ń fa ìlà reluwé ló ń pín ìlú. Lọ́dún 1887 yẹn ni wọ́n dìbò pé àwọn máa yá 16,000 dọ́là láti fi fa iléeṣẹ́ reluwé Missouri Pacific wá sọ́dọ̀ àwọn, àwọn tó ń gbé inú ihò ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni o! Missouri Pacific ò wá. Nígbà tó di 1888, Union Pacific gba òdì kejì odò, máìlì díẹ̀ péré síbẹ̀, ibùdó tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn pa síbẹ̀ ló di Bogue. Àwọn oníṣòwò Nicodemus bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ, àwọn míì wọ́ ilé pákó wọn tẹ̀ lé ara wọn kọjá odò. Ìwé ìròyìn méjèèjì kógbá wọlé.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ọ̀dá ló pa Nicodemus. Mo mọ̀ wọ́n, méjì nínú wọn wà nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń wojú mi. Ọ̀dá wà lóòótọ́, eruku ọdún 1930 sókè yẹn kì í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ṣé Nicodemus nìkan lòjò kọ̀ láti rọ̀ sí ni?

Ibi tí mo ti ń gbádùn ara mi nìyẹn tí màmá kan fi nawọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣebí ẹ bi àwọn ará ọ̀dá bóyá Nicodemus nìkan lòjò yà sílẹ̀. Bogue tí reluwé lọ bá ńkọ́, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí?”

Gbogbo ilé hó. Mo ní, “Màmá, wọn ò pé 200.” Ẹ̀rín tún sọ.

Mo wá yí ìwé mi dé, torí ìbéèrè yẹn tóbi ju ohun tí mo kọ wá lọ. Graham County lódindi, èèyàn rẹ̀ lé ní 8,000 ní 1910, ní 2020 ó ku 2,415. Kò sí ti dúdú kò sí ti funfun níbẹ̀, gbogbo wọn ni. Òfin ilẹ̀ ti 1862 fún ìdílé kan ní éékà 160, àwọn tó ṣe òfin náà ń ro ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà níbi tójò pọ̀ sí. Nicodemus wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ọgọ́rùn-ún lórí máàpù, ibi tójò ti ń dín kù, éékà 160 ò bọ́ ìdílé dáadáa níbẹ̀. Tírákítọ̀ wá dé, ẹnì kan lè dá ro oko tí ìdílé mẹ́wàá ń ro tẹ́lẹ̀, oko ń tóbi sí i, èèyàn ń lọ sí Denver, sí Topeka, sí California. Reluwé ló sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dáwọ́ lé ìlọ, tírákítọ̀ kó ìyókù. Màmá ní “hẹn-ẹn,” mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà.

Alága ti ń fi aago hàn mí, mo sáré gba èyí tó kù: posọ́fíìsì tì ní 1953, ilé ìwé tì ní 1960. Gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní 1939 ṣì wà. Ìparí oṣù Keje lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ìlú máa ń ti ibi gbogbo wálé fún àjọyọ̀ òmìnira, ọjọ́ tí wọ́n sì so ó mọ́ ni ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1834, nígbà tí àwọn ẹrú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Caribbean gba òmìnira. Èèyàn máa ń kún ibẹ̀. Màmá tún fọhùn, wọ́n ní kí ìjọba lọ ka èèyàn lọ́jọ́ yẹn. Veryl Switzer tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Green Bay Packers, ọmọ ibẹ̀ ni.

Ó wá ku Edward McCabe, ẹni tó dé Nicodemus ní 1878, tí wọ́n dìbò yàn ní 1882 láti máa yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ Kansas wò, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Òun náà kó lọ. Oklahoma ló lọ, ó wà lára àwọn tó dá Langston sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé mo máa ń fi gbogbo nǹkan sọ́rùn reluwé, ẹ wá gbọ́ ti Langston lọ́jọ́ mìíràn, alága ti gba maikí.