Abbey Lincoln láti 1956 sí 1961: bí ó ṣe yẹ ká gbọ́ àwọn àwo rẹ̀

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ Abbey Lincoln, akọrin jáàsì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, la fẹ́ sọ lónìí, ọdún márùn-ún péré la sì máa dúró lé lórí jù, láti 1956 sí 1961. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi kọrin kó tó dágbére fáyé ní New York ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2010. Ṣùgbọ́n inú ọdún márùn-ún yẹn ni ohùn rẹ̀ ti yí padà, àwọn àwo tó jẹ́rìí sí i sì wà nílẹ̀ tí a lè fi tọ ipa rẹ̀ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Ibi tí igbe rẹ̀ ti le jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbọ́ igbe fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á pa á, wọ́n á ní obìnrin yìí ò mọ orin kọ. Ẹni tó bá ti ìpìlẹ̀ bọ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Anna Marie Wooldridge lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ìlú Chicago ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1930, òun ni ìkẹwàá nínú ọmọ méjìlá, inú oko ní ìpínlẹ̀ Michigan ló sì dàgbà sí. Nígbà tó dé California, tó tún lọ kọrin nílé fàájì ní Honolulu, Gaby Lee ni wọ́n ń pè é. Bob Russell, akéwì orin tó ń bá a ṣètò iṣẹ́, ló fún un ní Abbey Lincoln ní 1956. Ó mú ìdajì lára orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey, ó mú ìdajì kejì lára orúkọ Ààrẹ Abraham Lincoln.

Lọ́dún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Liberty gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwo àkọ́kọ́, Abbey Lincoln's Affair. Benny Carter àti Marty Paich wà lára àwọn tó to orin náà. Orin ìfẹ́ ni látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fetí sí ìparí ìlà orin kọ̀ọ̀kan: ó tẹ́jú, ó dán, kò sí ibi tí ohùn ti ha. Èyí jẹ́ kó hàn pé kò sí ohun tí àwọn akọrin fàájì ìgbà náà mọ̀ ọ́n ṣe tí òun ò mọ̀.

Ní 1956 kan náà ló yọjú nínú fíìmù The Girl Can't Help It, níbi tó ti kọ orin kan ṣoṣo, Spread the Word. Aṣọ pupa tí Marilyn Monroe ti wọ̀ nínú fíìmù kan ṣáájú ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́n. Aṣọ náà ló wọ̀ síwájú ìwé ìròyìn Ebony ní oṣù Kẹfà ọdún 1957. Ohun tí àwọn onílé fàájì ń tà nígbà náà ni ẹwà rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ju aṣọ yẹn síná.

Max Roach, onílù jáàsì, ló ṣí ọ̀nà mìíràn fún un. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1957, Abbey wọ sitúdíò fún ilé-iṣẹ́ Riverside láti gba That's Him! sílẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá mọ́. Èèyàn márùn-ún péré ni: Sonny Rollins lórí sàsófóònù, Kenny Dorham lórí tròńpẹ́ẹ̀tì, Wynton Kelly lórí dùùrù, Paul Chambers lórí báàsì, Roach lórí ìlù. Orin méjì ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Nínú Don't Explain, Kelly fi dùùrù sílẹ̀, ó mú báàsì, nítorí náà kò sí dùùrù kankan lábẹ́ ohùn. Nínú Tender as a Rose, kò sí ohun èlò kankan rárá, ohùn rẹ̀ nìkan ló dá dúró. Akọrin tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú kò ní gbà bẹ́ẹ̀, torí pé gbogbo ibi tó bá ti yẹ̀ ni yóò hàn.

It's Magic tẹ̀ lé e ní 1958, kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Abbey Is Blue ti 1959 ni kẹ́ ẹ dúró tì. Afro Blue wà níbẹ̀, orin Mongo Santamaría, ọmọ Havana, onílù tó ti gbé orin òrìṣà àwọn Lukumí, ìyẹn ìran Yorùbá ní Cuba, sórí àwo kí ó tó ṣe èyí. Oscar Brown Jr. ló kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ìlù tí a ń kà ní mẹ́ta ń gun orí èyí tí a ń kà ní méjì nínú orin náà, etí ẹni tó bá ti gbọ́ agogo òrìṣà nílé yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Inú àwo yìí náà ni Let Up wà, orin tí Abbey fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí We Insist!, tí àkọlé rẹ̀ ń bá a lọ sí Freedom Now Suite. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ àti ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sitúdíò Nola ní New York, fún ilé-iṣẹ́ Candid, Nat Hentoff ló sì bójú tó o. Apá márùn-ún ni. Driva' Man ló ṣáájú, orin nípa ẹni tó ń da ẹrú lóko. Ohùn Abbey àti tambourine nìkan ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹ ka márùn-ún-márùn-ún: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Orí ọ̀kan ni ìró líle kan ti ń bọ́ nígbà gbogbo bí pàṣán. Ẹni tó bá ka mẹ́rin bí a ti ń kà á nínú orin fàájì, kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣìnà. Coleman Hawkins ló fun sàsófóònù níbẹ̀, fèrè rẹ̀ sì han lẹ́ẹ̀kan láàárín. Wọ́n fẹ́ gé e kúrò, Hawkins kọ̀, ó ní irú orin báyìí kò gbọ́dọ̀ pé jù. Àsọyé náà tọ́, ìró yẹn sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Apá kẹta, Triptych, ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń sá. Ohùn kan, ìlù kan, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Àdúrà ló ṣáájú, ó ń hùn ún díẹ̀díẹ̀, ìlù ń dá a lóhùn. Ẹ̀hónú tẹ̀ lé e, igbe tó lé ní ìṣẹ́jú kan. Àlàáfíà ló gbẹ̀yìn, pẹ̀lú èémí tó ti rẹ̀. Ẹ má fo àdúrà láti lọ sórí igbe. Inú àdúrà yẹn lẹ ti máa gbọ́ obìnrin tó kọrin ìfẹ́ ní 1956, ohùn náà ṣì dán, ó ṣì gún. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn lẹ máa mọ̀ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ohùn náà.

Apá kẹrin, All Africa, ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Onílù mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú Roach: Ray Mantilla, Tomas du Vall, àti Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tó ti lọ kàwé ní Morehouse ní Atlanta láti 1950. Abbey ń ka orúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, Bantu, Zulu, Ashanti àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlátúnjí ń fi èdè Yorùbá dá a lóhùn. Àkọsílẹ̀ tí Hentoff ṣe sẹ́yìn àwo sọ pé ọ̀rọ̀ òmìnira ti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ. Ẹ lo gbohùngbohùn etí, ẹ má lo ẹ̀rọ fóònù lásán, torí pé ìlù kóńgà lè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Orin tó kẹ́yìn, Tears for Johannesburg, jẹ́ ti àwọn èèyàn 69 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Sharpeville ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1960. Ìjọba South Africa fòfin de àwo náà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1961, Abbey wà lára àwọn tó lọ fi ẹ̀hónú hàn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ikú Patrice Lumumba, olórí ìjọba Congo àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22, ó gba àwo Straight Ahead sílẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí Blue Monk ti Thelonious Monk, ó kọ African Lady, tí Randy Weston ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Langston Hughes. Lójú tiwa, àwo yìí ló péye jù nínú gbogbo rẹ̀. Ira Gitler, alárìíwísí orin, kò rí i bẹ́ẹ̀: nínú ìwé ìròyìn jáàsì Down Beat, ó ní Abbey ti sọ jíjẹ́ aláwọ̀ dúdú di iṣẹ́. Ìjà náà le débi pé ìwé ìròyìn náà pe Abbey, Gitler àti àwọn mìíràn jókòó, ó sì tẹ àríyànjiyàn wọn jáde ní 1962 ní apá méjì. Àwo mìíràn ní orúkọ ara rẹ̀ kò wáyé mọ́ títí di 1973, nígbà tó gba People in Me sílẹ̀ ní Japan.

Fíìmù ló gbà á láàárín. Nínú Nothing But a Man, 1964, òun ni Josie, olùkọ́, ọmọ oníwàásù tó fẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin tí Ivan Dixon ṣe. Kò kọrin níbẹ̀ rárá, kò sì sí aṣọ tó ń dán. Ẹ wo bó ṣe ń fetí sílẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, àti bó ṣe ń pẹ́ kó tó dáhùn. For Love of Ivy tẹ̀ lé e ní 1968 pẹ̀lú Sidney Poitier.

Ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń wá àwọn àwo yìí. Ẹni tó bá tẹ orúkọ Abbey lè má rí We Insist!, torí pé orúkọ Max Roach ló wà níwájú rẹ̀. Lórí àwo yẹn náà, Michael Olatunji ni wọ́n kọ fún Babátúndé.