Mínísírì tó ń kọ orin fún aráàlú: ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́, pàápàá ẹ̀yin olórin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìjọba tó fẹ́ máa darí iṣẹ́ ọnà àti ẹnu aráàlú. Tí n bá ní kí n máa ka òfin fún yín, ẹ máa sùn lọ ni, torí náà ìlú kan tí ò sí láyé ni mo fẹ́ mú yín lọ. Oceania lorúkọ ẹ̀. George Orwell, òyìnbó ará Ìlú Ọba tí wọ́n bí sí Íńdíà, ló fi orí ara ẹ̀ dá a sínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1949, Nineteen Eighty-Four ni wọ́n ń pe ìwé náà.

Mínísírì mẹ́rin ni ìjọba Oceania ní. Èyí tó kàn wá lónìí ni Mínísírì Òtítọ́, irọ́ sì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ilé funfun gogoro ni, 300 mítà ló ga, ìròyìn, ilé ẹ̀kọ́, fíìmù, orin, àwòrán, gbogbo ẹ̀ abẹ́ wọn ló wà. Winston tí ìtàn náà dá lé, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa tún ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ, tí ìjọba bá ṣèlérí tí ò wá ṣẹ, Winston á lọ pààrọ̀ ìlérí yẹn, wọ́n á tún ìwé ìròyìn ọjọ́ náà tẹ̀, wọ́n á sì dáná sun tàtijọ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n dín ṣokoléètì aráàlú kù láti gíráàmù 30 sí 20 lọ́sẹ̀, kò pẹ́ náà ni ìròyìn ní ìjọba ti fi kún un, ó ti di 20, àwọn èèyàn sì tú síta, wọ́n ń dúpẹ́. (Ẹ̀rín sọ ní gbọ̀ngàn níbí. Mo ní kí wọ́n rọra rín in, kí wọ́n kọ́kọ́ rántí owó epo.)

Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Nínú èèyàn 100 ní Oceania, 85 ló jẹ́ mẹ̀kúnnù, àwọn yẹn gan-an ni ìjọba ò fi bẹ́ẹ̀ dí lẹ́nu. Ṣe ni mínísírì ń ṣe nǹkan fún wọn: ìwé ìròyìn tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ju bọ́ọ̀lù, ọ̀daràn àti wíwo ìràwọ̀ lọ, fíìmù ìṣekúṣe, ìwé ìtàn olówó pọ́ọ́kú. Orin wọn, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, kò séèyàn kankan tó lọ́wọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ọdún 1949 ni Orwell ti ro èyí o, kó tó di pé fóònù ń kọ orin fún wa. Obìnrin kan wá wà tó ń sá aṣọ, tó ń fi ohùn ẹ̀ kọ irú orin ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn débi pé Winston fetí sí i. Orin tí kò ti inú ẹnikẹ́ni wá ti di tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wé tiwa. Lọ́dún 1964, Hubert Ogunde, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé eré Yorùbá Ronú jáde, gọ́fúmẹ́ntì Wẹ́sítáànù Ríjọ̀n tí Akíntọ́lá ń ṣolórí ẹ̀ bá fòfin dè é, wọ́n ní òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè wọn. Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀ o! Abẹ́ Wẹ́sítáànù Ríjọ̀n ni àwa, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ìlú Èkó nìkan ni òfin yẹn ò dé torí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Kí ni Ogunde ṣe? Ó kọ eré míì, Òtítọ́ Korò, lé e. 1966 tí sójà gbàjọba ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò lórí ẹ̀. Àwọn òyìnbó náà ti dán an wò ṣáájú, wọ́n mú un ní Jọ́ọ̀sì torí eré tó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì 1945. Ẹ wo àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn, wọ́n mọ Yorùbá Ronú. Òfin ò pa eré, ó ń polówó ẹ̀ ni. Decree 4 náà, òfin tí ìjọba ológun Buhari fi ń dí akọ̀ròyìn lẹ́nu, tó jẹ́ pé 1984 gan-an ló jáde (mi ò mọ ẹni tó ń bá wọn mú ọdún!), ó ju akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n, orúkọ àwọn méjèèjì la ṣì ń dá títí dòní.

Àwọn baba wa ní ọba kì í pọ̀korin. Ní Oceania, wọ́n ń pa á. Ampleforth, akéwì tó ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì, ewì àtijọ́ ni wọ́n ní kó máa tún kọ, ó wá fi ọ̀rọ̀ “Ọlọ́run” sílẹ̀ níparí ìlà kan torí kò rí òmíràn tó bá ohùn ẹsẹ náà mu, wọ́n gbé e torí ẹ̀. Ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nìyẹn o.

Ọmọkùnrin olórin fújì kan dìde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n má gbowó olóṣèlú mọ́ ni?” Mo ní mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mò ń bọ́ ọ. Àmọ́ látìgbà tó o ti ń gbà á, orin wo lo ti fẹ́ kọ tó o gbé mì? Màmá kan tó ń ta ẹja bá dá a lóhùn kó tó lanu: “Ó mọ̀ ọ́n!”

Màmá yìí náà ló bi mí pé ṣé kò wá sí nǹkan kankan tó le fún mínísírì yẹn ni. Mo ní ó wà. Èdè tuntun tí wọ́n ń ṣe, tí wọn ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi bú ìjọba kù nínú ẹ̀, wọn ò lè mú un délẹ̀ kíákíá, 2050 ni wọ́n sún un sí. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́, Shakespeare, Dickens àti irú wọn, ló dá wọn dúró, torí wọ́n fẹ́ tú gbogbo ẹ̀ sí èdè tuntun kí wọ́n tó pa tàkọ́kọ́ rẹ́, iṣẹ́ náà ò sì rọrùn rárá.