Ka Ilẹ̀kùn Ọba Ná: Bí A Ṣe Ń Já Àlọ́ Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbé ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì yín dání wá, ará Adó, ará Ìkẹ́rẹ́, ará Ìjerò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí Túndé Ọ̀nàkọ̀yà ti ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York, àwọn ọmọ wa ò fi ọpọ́n sílẹ̀ mọ́. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tèmi lónìí kò kan ìjókòópẹ́. Ikú ọba ni mo fẹ́ sọ, pàápàá ikú tó ti wà lórí ọpọ́n tí ojú wa ò tíì tó o.

Gbogbo wa la mọ àlọ́ àpamọ̀. Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba? Àgbàrá òjò ni. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á máa ronú kan aláfojúdi kan nínú ìlú, bẹ́ẹ̀ inú ìbéèrè gan-an ni ìdáhùn wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́ ṣẹ́ẹ̀sì rí. Wọ́n á to ọpọ́n fún ọ, wọ́n á ní: funfun ló kàn, yóò pa ọba dúdú ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ohun yòówù kí dúdú ṣe. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kókó. Bí ó bá wu dúdú kó gba ọ̀tún, bí ó bá wù ú kó gba òsì, ọba rẹ̀ á kú. Nítorí náà, ẹni tó ń já àlọ́ yìí ní láti ronú fún ọ̀tá rẹ̀ tọkàntọkàn bí ó ṣe ń ronú fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká to ọ̀kan. Lẹ́tà ni orúkọ òpó, láti a ní apá òsì funfun dé h ní ọ̀tún; nọ́ńbà ni orúkọ ìlà, láti 1 lọ́dọ̀ funfun dé 8 lọ́dọ̀ dúdú. Ọba dúdú wà ní h8, rúùkù rẹ̀ ní e8, ayaba rẹ̀ ní b2, ọmọ ogun rẹ̀ méjì ní g7 àti h7. Ọba funfun wà ní g1, ọmọ ogun mẹ́ta ní f2, g2 àti h2, ayaba ní c4, ẹṣin ní g5. Funfun ló kàn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan lára àwọn tí mo ń kọ́ wo ọpọ́n yìí, ojú rẹ̀ tàn, ó gbé ayaba lọ sí f7 kíá. Ó rí i pé rúùkù e8 ò ní olùgbèjà, pé òun máa jẹ ẹ́, ọba á sì kú. Òótọ́ ló rí. Ṣùgbọ́n kò sí ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìkọlù tààrà sí ọba, nínú ohun tó ṣe. Ó fún dúdú láàyè láti mí. Rúùkù dúdú bá sọ̀ wá sí e1, ọba funfun ló kú, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dí i lọ́nà. Ọmọ náà wo ọpọ́n títí, kò fọhùn.

Ọmọbìnrin tó jókòó tì í gbé ayaba tirẹ̀ sí g8. Bí rúùkù bá jẹ ẹ́, ẹṣin á bọ́ sí f7, ó parí. Àmọ́ ọba fúnra rẹ̀ lè jẹ ayaba yẹn, torí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ g8. Ó dùn mí nítorí rẹ̀, nítorí èrò rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn. Ó kàn yá jù ni. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nìyẹn: à ń bẹ dúdú pé kó bá wa ṣe é bí a ṣe fẹ́.

Mo wá ní kí wọ́n fi ayaba àti ẹṣin sílẹ̀ ná, kí wọ́n ka ilẹ̀kùn ọba. Àwọn ilé ọpọ́n, ulé bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é, mélòó ni ọba h8 lè sá sí? g7 àti h7, ọmọ ogun rẹ̀ ló wà níbẹ̀. g8 nìkan ló ṣí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo! Gbàrà tí wọ́n rí i, ọpọ́n yí padà lójú wọn.

Ẹṣin lọ sí f7, ṣẹ́ẹ̀kì. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́, ọba gbọ́dọ̀ bọ́ sí g8. Ẹṣin tún fò lọ sí h6. Ẹ dúró níbí, torí ibí ló dùn jù. Bí ẹṣin ṣe kúrò ní f7, ọ̀nà ayaba láti c4 ṣí dé g8, ẹṣin náà sì ń ṣẹ́ẹ̀kì láti h6. Ṣẹ́ẹ̀kì méjì lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ogun g7 lè jẹ ẹṣin, ṣùgbọ́n ayaba ṣì ń wo ọba, nítorí náà jíjẹ yẹn ò bófin mu. Ọba gbọ́dọ̀ rìn. Bí ó bá lọ sí f8, ayaba á pa á ní f7, torí ẹṣin h6 ń ṣọ́ ibẹ̀. Bí ó bá padà sí h8, ayaba á wá sí g8, ibi tí ọmọbìnrin yẹn fẹ́ kó lọ láti àárọ̀. Nísinsìnyí ẹṣin ti ń ṣọ́ g8. Ọba ò lè jẹ ayaba, rúùkù ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Bí rúùkù ṣe jókòó sí g8, ó ti fi ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tó kù. Ẹṣin padà sí f7. Ọba kú láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Wọ́n ti tẹ ọgbọ́n yìí sínú ìwé ní Sípéènì lọ́dún 1497, ó sì tún ń mú mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá to ó.

Ẹ̀yin òbí, fóònù tó ń fi ìdáhùn han ọmọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Baba mi àgbà kì í jẹ́ kí n fọwọ́ ka ọmọ ayò nínú ọpọ́n. Ojú ni kí n fi kà á. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún náà nìyẹn. Àlọ́ mẹ́ta lóòjọ́ ti tó. Kí ọmọ wò ó láìfọwọ́kàn, kó ka ṣẹ́ẹ̀kì tó wà, kó sọ èsì tó le jù tí dúdú lè fọ̀, títí dé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, kó tó gbé ohunkóhun. Bí ó bá gbà á ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ mú èyí lọlé. Ẹ padà to ọpọ́n wa bí ó ṣe wà, kí ẹ wá sún rúùkù dúdú láti e8 sí f8. Báyìí, bí ẹṣin bá dé f7, rúùkù lè jẹ ẹ́. Ọba dúdú ṣì máa kú. Ẹ wo ìlà kẹjọ dáadáa lẹ́yìn tí rúùkù bá ti kúrò lórí rẹ̀.